Ìbọn Kékeré Inú Àpótí Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n mi kú, tí mo sì di oníbọn. Ẹ jẹ́ kí n tètè tún gbólóhùn yẹn ṣe, nítorí iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kò ra ìbọn, n kò sì wá a lọ. Wọ́n pín in fún mi ni. Ṣùgbọ́n lójú òfin ìlú tí à ń gbé yìí, ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ín, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi àti ìyàwó mi nìkan là ń gbé nínú fúláàtì kan tí à ń háyà lọ́wọ́ káńsù, ìjọba ìbílẹ̀, ní Peckham nílùú òyìnbó, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́. Rọpárọsẹ̀ ti mú ìyàwó mi lápá ọ̀tún ní nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ ṣáájú àkókò tí mo ń sọ yìí. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ pátápátá. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo máa ń jókòó tì í bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ tuntun ní kíláàsì, mo máa ń nawọ́ sí nǹkan, mo máa ń pe orúkọ rẹ̀, mo sì máa ń dúró dè é. Ife. Aṣọ. Fèrèsé. Nígbà tí ọdún kan fi máa pé, ó ti ní ọ̀rọ̀ bí ọgbọ̀n. Ó lè pe orúkọ tó ń pè mí láti ìgbà ọ̀dọ́ wa. Ó lè bú mi pẹ̀lú. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ bú mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Yorùbá ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Gẹ̀ẹ́sì tó fi ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn fún ọdún mọ́kànlélógún, kò padà wá rárá. Kẹ́rà kan, olùtọ́jú aláìsàn láti káńsù, máa ń wá láàárọ̀ láti bá mi wẹ̀ fún un. Ìyókù, èmi ni. Bí mo bá kúrò nílé, kò sí ẹni tó lè gbọ́ ohun tó ń sọ, n kò sì lè gbàgbé ìyẹn ní wákàtí kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n mi tó kú, ọmọ bàbá kan náà ni wá. Táásì ló wà títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì; láti New Cross títí dé Lewisham, ó mọ ọ̀nà bí ẹni mowó. Àìsàn rẹ̀ kò pẹ́. Lọ́jọ́ kẹjọ, a ṣe fídáù rẹ̀ nínú ilé rẹ̀ ní Brockley. Nígbà tí àwọn ààfáà lọ tán, àwa ẹbí jókòó láti pín aṣọ òkú.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé àṣà yìí dáadáa, nítorí òun ló fa gbogbo rẹ̀. Nínú ẹbí tiwa, àbúrò tó tẹ̀lé òkú ló máa ń gba àpótí rẹ̀. Títì ni wọ́n máa ń gbé e fún un, kò sì gbọdọ̀ ṣí i níbẹ̀. Bó bá ṣí i lójú èrò, wọ́n á ní ojúkòkòrò ń dà á láàmú. Bó bá ní òun kò gbà á, ó ti kọ òkú nìyẹn. Bí wọ́n ti ń ṣe é nílé kí a tó bí wa, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe é ní Brockley.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló fa àpótí náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ọkọ mi, ẹ wá gba ẹrù yín," ó wí. Bó ṣe máa ń pe gbogbo àwa àbúrò ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa pariwo láti orí àga: "Tíṣà, bí kóòtù òtútù bọ̀ọ̀dá bá wà níbẹ̀, ẹ rántí mi o! Ẹ̀yin ò tó o wọ̀. Ẹ máa rì sínú ẹ̀ ni!"

"Èmi tó ga jù ẹ́ lọ?" mo dá a lóhùn. "Lọ ra tìẹ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Mo ti di àpótí náà mú, òun náà ò tíì fi í sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa ń ṣe nǹkan létòlétò. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ." Mo rò pé ọ̀fọ̀ ló ń dà á láàmú.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́bọ̀, ni mo ṣí i lórí tábìlì ìdáná, lẹ́yìn tí kẹ́rà ti lọ. Kóòtù náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kàfútáánì méjì, fìlà mẹ́rin, tẹ̀súbà kan, àti agolo bísíkíìtì tí wọ́n fi téèpù wé yíká. Mo rò pé fọ́tò àtijọ́ ni. Mo fi ọ̀bẹ gé téèpù náà. Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ká, mo sì tú u. Ìbọn ìléwọ́ ni.

Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo kọ́kọ́ rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ọ̀dà dúdú ara rẹ̀ ti ń ṣí, irin tó wà lábẹ́ ọ̀dà náà sì ń dán bí ìdí ìkòkò tí wọ́n ti fọ̀ jù. Ike tí wọ́n fi ṣe ibi ìdìmú rẹ̀ ti sán, wọ́n fi téèpù dì í. Ọjà pọ́ọ́kú gbáà ni. Ènìyàn kò ní fi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pe ara rẹ̀ ní alágbẹ̀dẹ. Ọta mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú bébà. Àwọn ọta yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe ohun ìṣeré. Àwọn náà ló tàn mí, nítorí mo sọ nínú ara mi pé àwọn mẹ́ta nìyẹn, inú ìbọn ṣófo nìyẹn.

Mo pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù.

"Ìyàwó wa, kí ni mo rí nínú agolo yìí?"

"Ẹ ti rí i," ó wí.

"Ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

"Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, ọkọ mi. Ta ni kí n gbé e fún? Àwọn yòókù yẹn, ẹnu wọn ò lè dúró. Ẹ̀yin ni mo mọ̀ tí orí yín pé."

Ó wá sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, èrò kan tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ní New Cross fi ọ̀bẹ gún un léjìká, ó sì kó gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kò lè jókòó sídìí ọkọ̀ mọ́ láìgbọ̀n. Ó ra ìbọn yìí lọ́wọ́ ẹnìkan tí kò sọ orúkọ rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Kò gbé e sínú mọ́tò rí. Ó kàn ní bí òun bá ti mọ̀ pé ó wà nílé, òun á lè jáde lọ ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yìn ín, nínú igbó kan lọ́nà Kent, láti wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ wú fún ọ̀sẹ̀ kan.

"Ó ní ìbọn burúkú ni," ìyàwó rẹ̀ wí. "Ó ní ẹni tó ń yìn ín ló ń bà lẹ́rù ju ẹni tí wọ́n yìn ín sí lọ."

"Màá pe ọlọ́pàá báyìí."

"Háà! Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi! Ogójì ọjọ́ ẹ̀ ò tíì pé! Ẹ fẹ́ kí wọ́n wá tú ilé òkú? Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń wọlé wá ṣàdúà fún un, kí wọ́n bá ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà? Ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ńkọ́? Ẹ bá mi jù ú sódò."

"Odò Thames kì í ṣe ààtàn, ìyàwó wa. Bí omi bá gbé e sétí odò, tí ọmọ ọlọ́mọ mú un ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí ogójì pé nígbà náà. Ogójì nìkan ni mo bẹ̀ yín. Lẹ́yìn ẹ̀, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ ṣe."

Ó ń sunkún. Mo ṣírò rẹ̀: ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kù. Mo ní ó dáa.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. N kò lè sọ pé n kò mọ̀. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bá sọ fún mi pé àwọn kò mọ̀, mo máa ń bi wọ́n pé, ṣé o kò mọ̀ ni, tàbí o kò fẹ́ mọ̀? Mo mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni wọ́n máa ń sọ pé ó kéré jù fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí. Mo mọ ẹni tó jókòó sí pálọ̀, tí kò lè gbé ṣíbí dé ẹnu fúnra rẹ̀ bí oúnjẹ náà bá jẹ́ olómi. Síbẹ̀ mo ní ó dáa, nítorí ojú òkú àti ojú opó ń tì mí ju ojú òfin lọ. Mo pè é ní àmánà, ohun tí òkú fi síkàáwọ́ mi. Mo ń fi ọ̀rọ̀ yẹn tu ara mi nínú.

Láti ọjọ́ yẹn, ilé mi kò gbà mí mọ́. Mo kọ́kọ́ gbé agolo náà sí ìsàlẹ̀ wọ́dúróòbù. Kẹ́rà ní òun fẹ́ to aṣọ ìyàwó mi, ni mo bá gbé e lọ sẹ́yìn àpò ìrẹsì. Ìrẹsì ń tán lọ, ni mo bá gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá lọ ra iṣu ní Rye Lane, tí mo rí ọlọ́pàá méjì tí wọ́n ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, màá yà wọ ṣọ́ọ̀bù tí n kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Bí mo bá délé, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ṣe ni pé kí n ṣí agolo náà wò, bí ẹni pé nǹkan tó wà nínú rẹ̀ lè rìn jáde. Mo ń kírun, ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Mo dá ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ tí èmi àti ìyàwó mi ń ṣe dúró. Mo ní ó rẹ̀ mí. Ó máa ń wò mí láti orí àga rẹ̀.

"Kí ló dé?" ó bi mí lọ́jọ́ kan. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó ní nìyẹn.

"Kò sí nǹkan," mo wí.

Ọjọ́ kejìdínlógún tí nǹkan náà ti wà lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo fa agolo náà jáde. Mo fẹ́ wá ibi tó sàn jù fún un. Síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn yọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìbọn náà bọ́, ìdí rẹ̀ kan igi bẹ́ẹ̀dì, ó sì dún.

N kò fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ń fà. Ó kàn já bọ́ ni. Ọta kẹrin kan ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti wà láyé, n kò sì mọ̀. Etí mi dí. Òórùn bí ìgbà tí wáyà bá jó gba inú yàrá. Nígbà tí ojú mi wálẹ̀, mo rí ihò kékeré kan lára ògiri pákó tó wà láàárín yàrá àti pálọ̀. Kò ju ihò ìṣó lọ.

Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni àga ìyàwó mi wà.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé pálọ̀. Ilẹ̀kùn tí mo tì fúnra mi, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i mọ́. Mo ń pè é, n kò gbọ́ ohùn ara mi. Nígbà tí mo wọlé, ó jókòó. Ẹfun ògiri ti bò ó lórí ìborùn àti léjìká. Ọta náà ti gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kọjá, kò tó ìbú ọwọ́ kan sí etí rẹ̀, ó sì ti wọ inú igi fèrèsé. Mo kúnlẹ̀, mo ń fọwọ́ wá ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, ní orí, ní ọrùn, ní àyà. Kò sí.

Ó wò mí. "Kí lo fọ́?" ó bi mí.

Kí n tó lè dáhùn, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Obìnrin tó ń gbé lókè wa ni, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ará ṣọ́ọ̀ṣì kan tó wà nínú ilé tí wọ́n ń kẹ́rù sí tẹ́lẹ̀.

"Tíṣà! Ẹ̀yin lẹ dún yẹn? Mo ní ṣé gáàsì ni!"

Mo la ilẹ̀kùn díẹ̀. "Rárá o. Ìkòkò ẹ̀wà ni. Ó bú."

"Ìkòkò ẹ̀wà! Ẹ̀jẹ̀ Jésù ni mo ti ń pè lókè látàárọ̀, mo ti fẹ́ sá jáde pẹ̀lú ìró nìkan, àṣé ẹ̀wà ni! Ẹ̀yin ọkùnrin àti ìdáná! Ẹ jẹ́ n wọlé bá yín nù ún."

"Mo ti nù ún. Ẹ ṣé gan-an ni."

"Mummy ńkọ́? Àyà wọn ò já?"

"Ara wọn le."

Ó rẹ́rìn-ín gòkè lọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fẹ̀yìn tì í. N kò parọ́ bẹ́ẹ̀ fún aládùúgbò rí, ó sì rọrùn fún mi ju bí mo ṣe rò lọ. Ìyẹn gan-an dẹ́rù bà mí.

Nígbà tí mo padà sí pálọ̀, ìyàwó mi ti yí orí padà díẹ̀, ó ń wo ihò ara ògiri. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Irọ́," ó wí.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àpótí, agolo, ogójì, gbogbo ibi tí mo ti gbé e pamọ́ sí. Ó gbọ́ mi dópin. Ó wá fi ọwọ́ òsì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nawọ́ sí fóònù.

"Pè wọ́n."

"Bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á mú mi lọ. Ta ni yóò máa wẹ̀ fún ẹ? Ta ni yóò gbọ́ nǹkan tó ò ń sọ? Ọjọ́ mẹ́tàlá péré ló kù kí ogójì pé. Jẹ́ kó pé."

"Pè wọ́n."

"Mo bẹ̀ ẹ́."

Ó gbá apá àga náà. Ojú rẹ̀ pọ́n, ẹnu rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀, mo sì rí bó ṣe ń là á kọjá láti mú un jáde. "Á pa èèyàn," ó wí. "Pè wọ́n."

Mo pè wọ́n. Mo sọ orúkọ mi, àdírẹ́sì mi, ohun tó wà nílẹ̀ yàrá mi, mo sì sọ pé ó ti dún lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ níbi tó wà, kí n jáde, kí n jẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ mi méjèèjì. Kò pẹ́ rárá tí ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fi kún fún àwọn ọlọ́pàá tó gbé ìbọn ńláńlá. Wọ́n dè mí lọ́wọ́. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé ìyàwó mi kò lè dá dúró, pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ pe obìnrin tó wà lókè kó bá a jókòó. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà náà dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń wò mí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó mọ̀wàá hù ló fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò.

"Ọjọ́ wo lẹ rí i, sà?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Ọjọ́bọ̀ wo?"

Nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ti bi mí láyé mi, n kò rò pé ọ̀kan le tó ìyẹn. Mo sọ ọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá gbójú sókè wò mí. Lọ́yà tí wọ́n fún mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ká ní mo pè ní ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni, wọn ì bá wá gbé e lọ, wọn ì bá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ méjìdínlógún yẹn ló sọ mí di afurasí.

Wọ́n tú mi sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ìwádìí kò tán. Níwọ̀n ìgbà tí kò sì tíì tán, àwọn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ aláìsàn ní ìyàwó mi kò lè padà sínú ilé tí ìbọn ti dún, sọ́dọ̀ ọkùnrin tó yìn ín. Mo ní n kò yìn ín, ó já bọ́ ni. Wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kan lẹ́yìn Lewisham. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò ṣe é níbi. Wọ́n ń wẹ̀ fún un, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Kò sí ẹnìkan tó gbọ́ Yorùbá. Wọ́n fún mi ní wákàtí kan, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ẹnìkan tó jókòó tì wá. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ṣì pe orúkọ mi. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, mo na ife sí i, ó wò ó, ẹnu rẹ̀ mì, nǹkan kan ò jáde. Mo ní, "Ife." Mo tún ní, "Ife." Ẹni tó jókòó tì wá bojú wo fèrèsé.

Ní ti Brockley, ohun tí a ń sá fún gan-an ló débẹ̀. Wọ́n tú ilé ẹ̀gbọ́n mi kí ogójì rẹ̀ tó pé, lójú àwọn tó wá ṣàdúà. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn náà, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọkọ mi, èmi ni mo fà á." Mo ní kó dìde. Mo ní èmi ni mo ní ó dáa.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, lẹ́tà dé pé wọn kò ní gbé mi lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n gbé ìyàwó mi padà wá fún mi. Ara rẹ̀ mọ́, ó tilẹ̀ sanra díẹ̀. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ mo ń jókòó tì í, mo ń nawọ́ sí nǹkan, mo ń pe orúkọ rẹ̀, mo ń dúró. Títí di àárọ̀ òní tí mo ń kọ èyí, n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ pín ẹrù òkú, ẹ ṣí àpótí náà níbẹ̀, lójú gbogbo yín, kí wọ́n sì pè yín ní olójúkòkòrò bó bá wù wọ́n. Bí ẹ bá bá irú nǹkan tí mo bá pàdé, bó ti wù kó kéré tó, bó ti wù kó jọ ohun ìṣeré tó, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má ṣe é ní àmánà, ẹ má dúró de ogójì. Ẹ pe ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mo ti kọ́ ọmọ púpọ̀ níwèé láyé mi, kò sì sí ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ènìyàn mú lọ́wọ́ mi tó èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n.